Mo Rí Àṣìṣe Fọlákẹ́, Mo sì Dákẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí ìyàwó mi pàápàá kò mọ̀. Ọdún mẹ́ta ni mo fi pa á mọ́. Lẹ́tà tó dé ọwọ́ mi lọ́sẹ̀ tó kọjá ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́.

Iṣẹ́ kíkọ ètò kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣe ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ọ̀wọ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ náà níbẹ̀. Nígbà tí mo lé ní àádọ́ta ọdún, wọ́n gba Fọlákẹ́, ọmọ ìlú Ute, ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún, wọ́n ní kí n kọ́ ọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bínú sí mi. Iṣẹ́ tí mo ń fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣe, ọjọ́ méjì ló fi ń ṣe é. Àwọn olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gba iwájú tábìlì mi kọjá lọ bá a. Wọ́n á kí mi, wọn ò ní dúró.

Ó kọ ètò tí yóò máa ṣe èsì ìdánwò, ó gbé e wá bá mi. "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó bóyá mo ṣì í níbì kan."

Mo wò ó. Mo rí i. Bí orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ méjì bá jọra, máàkì ẹnì kan yóò bo ti ẹnì kejì mọ́lẹ̀. Ìlà kan péré ni à bá fi tún un ṣe.

Mo ní, "Ó dára. Máa gbé e lọ."

Wọ́n lẹ èsì mọ́ ògiri. Ọmọ tó ṣe dáadáa fìdí rẹmi, ẹni tí kò tilẹ̀ wá ṣe ìdánwò yege. Ọ̀gá àgbà bi Fọlákẹ́ pé ta ló bá a yẹ iṣẹ́ náà wò. Mo dúró níbẹ̀.

Ó ní, "Kò sí, sà. Èmi nìkan ni."

Nígbà tí a jáde, ó rọra sọ fún mi pé, "Mo mọ̀ pé ojú ń dùn yín ni ẹ ò fi rí àṣìṣe náà, Dádì. N ò fẹ́ kí wọ́n fi ọjọ́ orí yín bú yín."

Wọ́n gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń to fáìlì. Kò pẹ́ tó fi kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ó padà sí Ute. Mo gbọ́ pé kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà mọ́. Àwọn olùkọ́ padà sí tábìlì mi, mo sì gbádùn rẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Ètò tirẹ̀ náà ni mo fi ìlà kan yẹn kún. Òun la ń lò di òní.

Fọlákẹ́ fẹ́ ṣe ìgbéyàwó báyìí. Bàbá rẹ̀ ti kú. Ó kọ̀wé pé kí n wá mú òun wọ ṣọ́ọ̀ṣì, pé èmi ni mo ṣe bàbá fún òun ní Ọ̀wọ̀.

Ìyàwó mi ti gbé aṣọ mi fún télọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí mo bá jẹ́wọ́ fún un kí ọjọ́ náà tó pé, mo tún ba ayọ̀ rẹ̀ jẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Bí mo bá sì dákẹ́, ọwọ́ wo ni n ó fi di ọwọ́ rẹ̀ mú?