Sìmẹ́ńtì Inú Sípíkà

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi kí ẹ tó ṣépè. Ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun láti ìgbà òjò tó kọjá. Ǹ bá gbé e mì, àmọ́ lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀ yìí, wọ́n fẹ́ kí n lọ dọ̀bálẹ̀ fún òbí ọmọbìnrin kan nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹlòmíì ń ru. Èmi ni mo dá a.

Sípíkà ni mo ń tà ní Vai Town, níbí ní Monrovia. Ó ti pẹ́ tí mo ti dé ìlú yìí, Alhaji ni àwọn Yorùbá ibí ń pè mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí: àwọn oníbàárà mi ò gbọ́n. Ẹni tó bá wọlé á kọ́kọ́ kan àpótí kó kó kó bí ẹni ń ra àgbọn. Lẹ́yìn náà, á gbé e wò. Bó bá fúyẹ́, á yímú. Bó bá wúwo, ọmọ Liberia á ní, "Bossman, that the real one o!" Ọmọ Yorùbá á ní, "Ojúlówó nìyí!"

Ta ló sọ fún wọn pé ìwúwo ni ohùn? Ṣé ọlọ ò wúwo ni? Ṣé ọlọ ń kọrin?

Sípíkà gidi, mágínẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lèèyàn ń wò, àti wáyà kọ́pà tí wọ́n ká sínú rẹ̀, àti pákó tí wọ́n fi kan àpótí. Ẹ̀yìn rẹ̀ lèèyàn ń tú. N kò rí ẹni tó tú u rí. Mo wá sọ fún ara mi pé ẹni tó bá fẹ́ ra ìwúwo, kí n ta ìwúwo fún un. Mo ń ra sípíkà fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, mo ń po sìmẹ́ńtì, mo ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ inú àpótí, mo sì ń fi aṣọ dúdú bò ó. Mi ò ní parọ́ fún yín, ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Ìgbà yẹn ni Káyọ̀dé dé. Ọmọ Yorùbá ni, òun ló ń bójú tó ẹ̀rọ ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Brewerville, ó sì ń pe ara rẹ̀ ní ẹnjiníà. Ẹnjiníà kẹ̀! Gbogbo ohun tó kà lórí fóònù ló ń dà sí mi létí. Mágínẹ́ẹ̀tì ńlá lòun fẹ́, kọ́pà tòótọ́ lòun fẹ́, òun kì í ra ayédèrú. Mo ní kó gbé ọ̀kan wò. Ó gbé e, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ. "Alhaji, ẹ ò rí nǹkan! Mágínẹ́ẹ̀tì nìyí!" Ọ̀dẹ̀. Sìmẹ́ńtì ló gbé mọ́yà, ó tún ṣàdúrà fún mi kó tó lọ.

Ó ra ìkọ́ irin tó bá ìwúwo tí wọ́n kọ sára páálí mu, ó fi gbé sípíkà náà kọ́ ògiri. Lọ́sàn-án Sátidé kan, bí àwọn akọrin ṣe ń múra sílẹ̀, irin náà yẹ̀, nítorí wọn ò ka sìmẹ́ńtì mi mọ́ ìwúwo ara páálí. Èjìká Fúnmiláyọ̀ ni sípíkà náà já lé. Fúnmiláyọ̀ yìí, ọ̀kan nínú àwọn akọrin, ni Káyọ̀dé fẹ́ fẹ́. Eegun èjìká rẹ̀ fọ́, kò sì lè gbé apá náà sókè dáadáa títí di òní.

Ẹ jọ̀ọ́, ibi tó burú sí nìyí. Káyọ̀dé ru sípíkà náà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Mo rò pé àṣírí ti tú, mo ti to irọ́ sẹ́nu. Ọmọkùnrin yìí bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Alhaji, ẹ forí jì mí. Ojúlówó lẹ tà fún mi, èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n gbé kọ́. Mo ti ba orúkọ yín jẹ́."

Mo gba sípíkà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó lọ, mo tú ẹ̀yìn rẹ̀, mo gbẹ́ sìmẹ́ńtì náà kúrò, mo sọ ọ́ sódò nídìí afárá tó wà nítòsí ṣọ́ọ̀bù mi. Ṣé ẹ mọ ohun tí mo sọ fún un nígbà tó padà wá kí mi? Mo ní, "Máa fara balẹ̀ ṣiṣẹ́." Èmi o!

Bàbá Fúnmiláyọ̀ ti ní ìgbéyàwó ò sí mọ́. Ó ní ẹni tí ò lè gbé àpótí kọ́ ògiri ò lè gbé ọmọ òun ró. Fúnmiláyọ̀ náà ò gbé ìpè Káyọ̀dé mọ́. Káyọ̀dé ò fọwọ́ kan ẹ̀rọ mọ́, kò pe ara rẹ̀ ní nǹkankan mọ́.

Ó wá bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. "Alhaji, ẹ̀yin ni àgbà tí mo ní nílùú yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n." Ẹnu mi ti sọ pé ó dáa kí n tó ronú.

Bí mo bá jẹ́wọ́, ṣọ́ọ̀bù mi ti parí nìyẹn. Gbogbo ẹni tí mo tà fún á lọ tú ẹ̀yìn tiwọn. Bí mi ò bá jẹ́wọ́, màá dọ̀bálẹ̀ níwájú ọmọ tí mo ṣẹ́ léjìká, màá máa bẹ̀bẹ̀ fún ẹni tí kò ṣẹ̀ ẹ́.

Mo ti ń fojú tẹ́ńbẹ́lú àwọn tí kì í tú ẹ̀yìn nǹkan wò. Káyọ̀dé gbé èmi náà wò, ó ní mo wúwo, ó ní ojúlówó àgbà ni mí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí mo bá dọ̀bálẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, ta ni kí n bẹ̀bẹ̀ fún?