Ọjọ́ Tí Ọkọ Mi Tú Kámẹ́rà Ilé Wa

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Títí di òní, bí mo bá jókòó sí pálọ̀, ojú mi ṣì máa ń sáré lọ sókè ògiri, bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Ara tí wọ́n ti ń ṣọ́ kì í tètè balẹ̀.

Ìbàdàn ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, èmi ń ṣe tíṣà níbí ní Ṣakí. Nígbà tí olè jí jẹnẹrétọ̀ wa gbé, ó ra kámẹ́rà, ó kan ọ̀kan sí pálọ̀, ó kan ìkejì sí ẹ̀yìnkùlé. Gbogbo ohun tí wọ́n bá rí ló ń lọ sí ibi ìpamọ́ kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọkọ mi a sì máa wò ó lórí fóònù rẹ̀. Èmi gan-an ni mo dúpẹ́ jù! Àṣé èmi ni yóò máa ṣọ́. Àbúrò mi ọkùnrin wọlé, fóònù dún: "Ìyá Àánú, ta nìyẹn?" Mo pẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì: "Níbo lo lọ?" Àwọn aládùúgbò gbọ́, wọn ò yà sílé wa mọ́. Ṣé ilé ọkọ ni mo wà ni, àbí ẹ̀wọ̀n? Ẹ̀gbẹ́ ilé tí kámẹ́rà kò rí ni mo wá ń gbé oúnjẹ mi lọ. Mo sọ̀rọ̀ títí, ó ní ààbò ni.

Ọlọ́run ló rán ìyá rẹ̀ wá kí wa láti Tẹ̀dé. Màámi ró ìró mọ́ àyà nítorí ooru, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí ní pálọ̀, ni ọmọ wọn, ọkọ mi, bá pè wọ́n lórí fóònù: "Màámi, ẹ má da èèpo sórí rọ́ọ̀gì o."

Màámi wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì. "O ń rí mi? Láti Ìbàdàn? Bí mo ṣe wà yìí?" Mo nawọ́ sí kámẹ́rà, omijé sì bọ́ lójú mi. Wọ́n sọ sínú fóònù pé, "Ọmọ yìí, máa bọ̀ nílé, kí o wá tú nǹkan yìí."

Ó dé lóòótọ́, ó tú kámẹ́rà méjèèjì. Mo ní, "Bàbá Àánú, èyí tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Bí a bá gé èpò tí a fi gbòǹgbò sílẹ̀, ṣé a ti roko?" Ó jókòó tì mí, ó ṣí fóònù rẹ̀. Èmi ni mo wà níbẹ̀: mo wọlé, mo wo òkè, mo gbé abọ́ mi, mo jáde. Ọjọ́ kejì bẹ́ẹ̀, ọjọ́ kẹta bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi kọjú sí mi: "Ṣé bí o ṣe ń sá fún mi nìyí?" Ó pa gbogbo àwòrán náà rẹ́, ó ti àkáǹtì ọ̀hún pa pátápátá, ó sì bẹ̀ mí.

Nísinsìnyí, bó bá pè, ó ń béèrè bí mo ṣe sùn ni. Àwọn aládùúgbò ti ń yọjú. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ olè, ẹ má tì í mọ́ aya yín. Bàbá Àánú ní kí n gba tiráńsífà wá bá òun n'Íbàdàn. Ẹ̀rù ń bà mí díẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn mi ń fẹ́. Ṣé kí n lọ? Ẹ tètè gbà mí nímọ̀ràn o, nítorí mo ti ń ká aṣọ sínú àpótí.