Ọkọ̀ Tíṣà Tí Mo Tà fún Alájì

Inú yàrá tí wọ́n ń kó àwọn tí adájọ́ ti dá ẹjọ́ ikú fún sí ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Wọn ò sọ ọjọ́ fún mi. Bí mo bá ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ láàárọ̀, màá dìde dúró. Bí ẹsẹ̀ náà bá kọjá, màá padà jókòó. Kì í tilẹ̀ ṣe ikú ló ń dẹ́rù bà mí jù. Ohùn obìnrin kan ni, tó ń pè mí láti ẹ̀yìn ògiri tí kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn rẹ̀. Orúkọ mi kò lè ṣe yín láǹfààní. Ohun tí mo ṣe ni kí ẹ gbọ́.

Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni mí, mẹkáníìkì ni iṣẹ́ mi. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé ìjọ, Tíṣà ni gbogbo ìlú ń pè é. Ọdún tí a gba òmìnira ló ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan, aláwọ̀ ewé, tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn gbọọrọ. Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀ ni Tíṣà kú. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ò bímọ. Màmá Tíṣà, ìyàwó rẹ̀, ní kí wọ́n ti ọkọ̀ náà wọ gáréèjì, kí wọ́n gbé e lé orí igi kí táyà má baà bàjẹ́. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi wà níbẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́ta ni mí nígbà tí wọ́n gbé Màmá wọ ilé wa. Ẹ mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ ní orúkọ àbísọ; ọkọ rẹ̀ ni, bó ti wù kó kéré tó. Adúmáradán ni Màmá sọ mí, “Ìyàwó wa” sì ni èmi náà máa ń fi dá a lóhùn. Àwọn ìyàwó ilé yòókù ní orúkọ tiwọn tí wọ́n ń pè mí, ṣùgbọ́n Màmá nìkan ló ń pe èyí.

Èmi ló fi ọkọ̀ náà lé lọ́wọ́ pé kí n máa tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lóṣooṣù. Òun fúnra rẹ̀ ń nù ún lójoojúmọ́. Lọ́sàn-án Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn, á jókòó sí àga ẹ̀yìn, á máa bá Tíṣà sọ̀rọ̀. Mo máa ń fi í rẹ́rìn-ín nínú ara mi. Ṣùgbọ́n bó bá ti ń sọ̀rọ̀, àga iwájú níbi tí Tíṣà ń jókòó tẹ́lẹ̀ á lọ sílẹ̀ díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn wà lórí rẹ̀. Mo ní sípíríǹgì ló ti rọ̀. Mo tú àga náà wò, sípíríǹgì rẹ̀ le bíi tuntun.

Epo ni mo kọ́kọ́ jí. Nínú èyí tí Màmá bá rà fún ẹ́ńjìnnì, màá da ìdajì sínú alùpùpù mi. Nígbà tó yá tó lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin ìjọ ní Òwu-Ìsin, mo sọ ọkọ̀ náà kalẹ̀ lórí igi, mo wà á lọ sí Ẹ̀siẹ́ láti fi ṣe fàájì. Ẹnu ọ̀nà ilé àwọn ère òkúta ni oníṣòwò kan láti Ìlọrin ti rí i. Alájì ni wọ́n ń pè é. Ó yí ọkọ̀ náà po, ó ń fọwọ́ pa á lára bí ẹni ń pa ẹṣin lára, ó ní iye tí mo bá pè lòun máa san, kí n ṣáà má pẹ́. Mo ti ń wá bí mo ṣe máa ra lọ́rí tèmi láti ìgbà tí mo ti gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá mi. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi ò ti balẹ̀ mọ́.

Mo lọ bá Màmá pé kó jẹ́ ká tà á. Ó rẹ́rìn-ín.

“Adúmáradán, ọkọ mi, ọkọ̀ yìí ló máa gbé mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ tí mo bá kú. Ẹ ṣe sùúrù.”

Mo gbọ́ ikú nínú ọ̀rọ̀ yẹn, n ò gbọ́ sùúrù.

Ní Sọ́ńdè kejì, mo wọ gáréèjì lọ bá a níbi tó jókòó sí. Mo bẹ̀ ẹ́, ó ní rárá. Tìmùtìmù kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun ni mo fi bò ó lójú. Kò bá mi jà. Ó kàn pe Adúmáradán lẹ́ẹ̀kan, jẹ́jẹ́, bó ṣe máa ń pè mí wá jẹun nígbà tí mo wà ní kékeré. Nígbà tí èémí rẹ̀ tán tí mo gbé tìmùtìmù náà kúrò, mo rí àga iwájú tó ń gbéra díẹ̀díẹ̀, bíi pé ẹni tó wà lórí rẹ̀ ń dìde.

Ẹbí ní ikú wọ́ọ́rọ́ ni Màmá kú. Èmi ni mo wa ọkọ̀ tó gbé pósí rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo sọ fún wọn pé ó ti fi ọkọ̀ náà fún mi kó tó kú. Wọ́n gbà mí gbọ́, torí bí ọmọ ni mo rí sí i. Alájì wá sanwó, ó gbé ọkọ̀ lọ.

Ní ogójì ọjọ́, a ti ṣe ìsìn ìrántí tán, a ń jẹun lágbo ilé, ni Alájì gbé ọkọ̀ náà padà dé. Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀ gbayawu, ó sún sẹ́yìn.

“Wàláì, ẹ gba ọkọ̀ yín. Obìnrin kan wà nínú rẹ̀ tó ń pe ẹnì kan. Èmi kọ́ ló ń pè.”

Kí ẹnikẹ́ni tó bi í léèrè ọ̀rọ̀, mo gbọ́ Adúmáradán láti inú ọkọ̀, jẹ́jẹ́. Wọ́n ti kọ́ wa láti kékeré pé a kì í jẹ́ ìpè ẹni tí a ò rí. Ṣùgbọ́n ohùn tó ti ń pè mí wá jẹun ni, ẹnu mi sì ti jẹ́ ẹ kí n tó rántí.

“Ìyàwó wa, mo ń bọ̀.”

Alájì nìkan ló fọwọ́ di etí. Àwọn yòókù kò gbọ́ nǹkan kan. Ìyálé ilé wa, tó wẹ òkú Màmá, gbé abọ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

“Ta lo dá lóhùn?”

Mo dọ̀bálẹ̀ níwájú wọn. Mo ní, “Èmi ni mo pa á.”

Ní kóòtù, wọ́n ka ìwé kan tí wọ́n rí nísàlẹ̀ àpótí Màmá. Ọdún tí Tíṣà kú ló ti kọ ọ́. Ó ní bí ọkọ̀ náà bá ti gbé òun dé ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, torí èmi lọmọ tí Ọlọ́run fún òun. Irọ́ tí mo pa fún ẹbí, òótọ́ ni. Mo sunkún nínú àpótí ẹlẹ́jọ́ títí adájọ́ fi ní kí wọ́n fún mi lómi.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe bíi tèmi. Olè kékeré kò sí. Bí àgbà bá sọ pé rárá fún yín lórí ohun tó jẹ́ tirẹ̀, ẹ kí i pé ó dàbọ̀, ẹ lọ sílé, ẹ gbájú mọ́ iṣẹ́ yín. Gbogbo ọjọ́ tí mo fi ń bẹ Màmá, n ò bi í lẹ́ẹ̀kan pé ta ló máa jogún ọkọ̀ náà. Ká ní mo bi í ni, ì bá sọ fún mi.