Kòtò Ẹ̀yìn Fèrèsé

Èmi ọ̀tá, Àǹtí Ìbíwùnmí? Lásúnkànmí àbúrò yín pè mí lọ́tá, ẹ gbéra láti Ifọ̀ wá sí Mówe, ẹ ò tíì jókòó tó fi ń fi búlọ́ọ̀kù tí ìyàwó òun bà jẹ́ hàn yín. Ó dáa. Ṣé ó fi kòtò tó wà lẹ́yìn fèrèsé yàrá wa hàn yín?

Òun ló gbẹ́ ẹ, kí omi òjò lè máa dúró síbẹ̀ tó fi ń po símẹ́ńtì. Mo ní ká dí i, ó ní omi ẹ̀rọ dà ní àdúgbò Lọ́tò wa yìí? Mo ní ká kó kúrò, ó ní ibi iṣẹ́ òun nìyí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dí i fúnra mi, ó gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ mi, ó ní ẹ̀fọn kì í pa ọkùnrin. Bí mo bá ṣí fèrèsé, ẹ̀fọn. Bí mo bá tì í, ooru. Níbo ni kí n gbé ọmọ gbà?

Wallahi, ẹ ò sí níbẹ̀ nígbà tí gìrì gbé Hàfísátù ọmọ wa! Ibà ẹ̀fọn yìí náà ló fà á. Ojú ọmọ yí, ó wayín pọ̀, mo pariwo títí ohùn mi fi há. Nọ́ọ̀sì gún un lábẹ́rẹ́, ó ní bí ẹ̀fọn ò bá kúrò, ibà á tún padà wá. Ṣé kò ti padà wá báyìí? Ẹ fọwọ́ kan ọrùn ọmọ yín, ẹ gbọ́ bó ṣe gbóná!

Wolé-wolé ló fi tanwíjí hàn mí nínú kòtò, wọ́n ń yí bìrìbìrì. Ó ní ọmọ ẹ̀fọn ni wọ́n, kí n da ọ́ìlì ọkọ̀ tí wọ́n ti lò sójú omi. Mo tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ mẹkáníìkì, mo dà á, wọ́n kú. Mo sọ fún àbúrò yín pé má bu omi yẹn mọ́ o. Ó ní hùn. Ó tún bù ú! Pẹ̀lú ọ́ìlì nínú omi, búlọ́ọ̀kù kọ̀, kò gan, ó ń rún wómúwómú, ó wá di ẹ̀bi mi.

Ẹ má sọ pé kí n bẹ̀ ẹ́, mi ò bẹ̀! Mo mọ̀ pé búlọ́ọ̀kù ló ń bọ́ wa. Ṣé kó wá máa fi ọmọ mi san án ni?

Ẹ dákẹ́ ná. Kí ni àbúrò yín ń béèrè látinú yàrá? Aṣọ ìbora? Nínú oòrùn yìí? Yéè! Hà-hà-hà! Ẹ wò ó bó ṣe ń gbọ̀n rìrì, ọkùnrin tí ẹ̀fọn kì í pa! Mò ń gbé e bọ̀, bàbá Hàfísátù, ẹ dùbúlẹ̀, ẹ má dìde o.

Àǹtí, ṣọ́bìrì ẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹ bá mi mú un, ká tètè dí kòtò yẹn kí ara ẹ̀ tó yá.