Irin Tí Mo So Mọ́ Ọkọ̀ Ìyáàfin Adéṣẹwà

Alága wa, Alhaji Abdulhameed, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ mẹkáníìkì àti ajórin Òṣogbo, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin àlejò wa láti Iléṣà, Ìwàrà àti Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, ẹ kú ewu ọ̀nà, ẹ kú kòtò. Àdíját, ìyàwó mi, ẹni tó ti ń fọ aṣọ ọlọ́ìlì láti ọdún méjìlélógójì, ìwọ ni mo kí lọ́tọ̀, torí bí mo bá kí ọ pọ̀ mọ́ èrò, ebi ló máa pa mí lálẹ́ òní. Ẹ̀yin èèyàn mi, inú mi dùn.

Alága ti sọ fún yín pé èmi, Sàláúdéènì Béjidé, ti ń jó sálẹ́ńsà nílùú yìí kí ọ̀pọ̀ nínú yín tó gbọ́njú. Òótọ́ ni. Wọ́n tún pe orúkọ tí ẹ fi ń yẹ́ mi sí, Kò-níí-mì. Bí mo bá so sálẹ́ńsà mọ́ abẹ́ ọkọ̀, oníbàárà á ta á nípàá, kò ní mì. Orúkọ yẹn dùn mọ́ mi ju oyin lọ, ó sì gùn mí gàràgàrà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fi mí ṣe fún yín kí n tó gba ẹ̀bùn ìfẹ̀yìntì yín.

Ṣé ẹ rántí ọkọ̀ pupa Ìyáàfin Adéṣẹwà, tíṣà tó ń ti Iléṣà wá, ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn? Ọkọ̀ onítọ́bò ni. Ẹ̀yin tí kì í ṣe ará iṣẹ́ wa, tọ́bò ni ẹ̀rọ kékeré tí èéfín ẹ́ńjìnnì ń yí, tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì kí agbára rẹ̀ lè pọ̀ sí i. Ara rẹ̀ ni páìpù sálẹ́ńsà, tó ń gbé èéfín jáde, ti bẹ̀rẹ̀. Sálẹ́ńsà tó bá ọkọ̀ náà wá ti jẹrà, ìyáàfin sì ra òmíràn tí kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà, ó tóbi, ó wúwo. Ògúnfẹ́mi, mẹkáníìkì ọmọ Ìpetu tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, ló de tọ́bò. Ó wá bá mi.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, páìpù yìí wúwo o. Ẹ má jẹ́ kí ọrùn tọ́bò nìkan rù ú. Ẹ fi irin dè é mọ́ gíábọ́ọ̀sì níwájú, kí òun àti ẹ́ńjìnnì lè jọ máa mì, kí ẹ wá fi rọ́bà so ó lẹ́yìn."

Mo ní, "Èmi lo fẹ́ kọ́ ní iṣẹ́ sálẹ́ńsà? Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ṣé wọ́n ti bí ọ?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ. Mo mú irin tó nípọn, mo jó orí kan mọ́ páìpù, mo jó orí kejì mọ́ ara ọkọ̀. Mo ta á nípàá. Kò mì. Mo yin ara mi.

Ẹ̀yin èèyàn mi, orí rọ́bà ni ẹ́ńjìnnì jókòó lé. Kò lè ṣiṣẹ́ kó má mì. Bí ẹ́ńjìnnì bá wá ń mì, tí mo sì ti kan páìpù mọ́ ara ọkọ̀ pa, ta ló máa jẹ ìyà láàárín àwọn méjèèjì? Ọrùn tọ́bò náà ni. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fi là nítòsí Iwaraja. Ọ́ìlì dà sórí irin gbígbóná, iná sọ. Ìyáàfin gbé ọmọ rẹ̀ méjèèjì bọ́ sílẹ̀. Alihamudulilahi, kò sẹ́ni tó fara pa, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ti jóná.

Ẹgbẹ́ ní kí àgbà kan lọ yẹ abẹ́ ọkọ̀ wò. Èmi lẹ rán. Mo rí ọrùn tọ́bò tó là, mo sì rí irin mi, gbọn-in gbọn-in, kò yẹ̀. Mo fi ayùn gé e kúrò, mo sọ ọ́ sígbó. Mo padà sí gbọ̀ngàn yìí gan-an, mo ní Ògúnfẹ́mi ni kò de tọ́bò dáadáa. Ẹ gbà mí gbọ́, ẹ ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, ó sì padà sí Ìpetu, ó ń tún ọ̀kadà ṣe. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi àgbà, ọwọ́ ara mi ni mo fi tẹ orí ọmọ wọ́.

Lóṣù tó kọjá, mo lọ bá a. Ó fún mi ní àga, ó fún mi lómi. Mo jẹ́wọ́.

Ó ní, "Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ojú ibi tí ẹ ti fi ayùn gé e ń dán lára páìpù. Mo rí i nígbà tí mo lọ wo ọkọ̀ náà."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ta ni ìbá gbà mí gbọ́ lójú yín?"

Mo dọ̀bálẹ̀, èmi ẹ̀gbọ́n. Ó ní òun ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí mo ti ba orúkọ òun jẹ́ ni kí n ti lọ tún un ṣe. Àdíját ní bí mi ò bá sọ ọ́ lónìí, òun á gba makirofóònù lọ́wọ́ mi. Ẹ mọ̀ pé ó tó bẹ́ẹ̀!

Ó ku ẹyọ kan. Olúwadára, Zulkifli, gbogbo ẹ̀yin tí mo kọ́ ní bí a ṣe ń so sálẹ́ńsà onítọ́bò láti ìgbà náà, tí kò sí ọkọ̀ yín kan tó tún là, iṣẹ́ yín wú mi lórí. Irin mọ́ gíábọ́ọ̀sì, rọ́bà lẹ́yìn, àbí? Ọgbọ́n Ògúnfẹ́mi ni. Orúkọ mi ni mo fi ń tà á.

Àṣà wa ni pé ẹni tó ń fẹ̀yìn tì ló ń yan ẹni tí yóò máa wọ abẹ́ ọkọ̀ yẹ iṣẹ́ ọmọ ẹ̀kọ́ wò kí ó tó gba fíríìdọ̀mù. Alága, Ògúnfẹ́mi ni mo yàn. Ẹ̀bùn yín, ẹ gbé e padà sílé ẹgbẹ́. Ọwọ́ mi kò mọ́ tó o.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ yín pa ẹnikẹ́ni lára. Ẹ ó dàgbà, ẹ ó sì lè gba ìmọ̀ràn ẹni tí ẹ jù lọ. Ara yín á le ju irin lọ.

Ògúnfẹ́mi, ọmọ Owá, ìwọ tí o jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn, mo ti sọ ọ́ níbi tí o ní kí n ti sọ ọ́. Bí o bá fẹ́ dá mi lóhùn, makirofóònù nìyí. Bí o bá sì fẹ́ máa lọ sílé láìdáhùn, o ní ẹ̀tọ́, kí ẹnikẹ́ni má dá a dúró. Ẹ ṣé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi ti jókòó.