Ọmọ Tó Wú, Tí Mo Ní Ó Sanra

Ẹ bá mi gbé Ọlọ́run ga! Ẹ tún gbé e ga, ẹ̀yin ará, torí ọmọ tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọwọ́ ara mi pa ló ń sáré kiri lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì yìí.

Oko kan lẹ́bàá ìlú Iresi la ti wá sí Ìlá. Mo ka ìwé díẹ̀, oko sú mi, mo wá ń ṣe lébìrà níbi tí wọ́n ti ń la títì. Lóko, Délé, ọmọ wa, ń jẹ ẹ̀wà, ó ń jẹ ìgbín. Nílùú, ẹ̀kọ láàárọ̀, ẹ̀kọ lálẹ́.

Adìyẹ wa mẹ́ta ń yé. Gbogbo ẹyin wọn ni mò ń kó fún ọ̀gá wa, kó má baà lé mi lẹ́nu iṣẹ́. Ìyàwó mi ní kí n fi ọ̀kan sílẹ̀ fún ọmọ. Mo ní ọmọdé tó bá ń jẹ ẹyin, olè ni yóò dà. Ta wá ni olè?

Délé bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kún, ẹsẹ̀ kún, kì í ṣeré mọ́. Inú èmi dùn! Mo ń gbé e kiri pé ìlú gbà á, ó sanra. Òmùgọ̀ gbáà.

Ìyá mi wá kí wa. Wọn ò tilẹ̀ jókòó. Wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ ẹsẹ̀ ọmọ, ojú ibẹ̀ jìn, kò dìde. Wọ́n ní, "Bàbá Délé, ẹran ara kì í gba àmì ìka."

Ní dìsípẹ́ńsárì, nọ́ọ̀sì béèrè ohun tí ọmọ ń jẹ.

"Ẹ̀kọ, mà."

"Kí ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀kọ?"

"Omi, mà."

Ó bi wá bóyá a ní adìyẹ. Ìyàwó mi ní, "A ní, mà. Ọ̀gá ibi iṣẹ́ wọn ló ń jẹ ẹyin rẹ̀."

Nọ́ọ̀sì ní àìjẹun-re ni, pé bí a bá pẹ́ sí i, a ó sin ín. Ẹyin àti ẹ̀wà lóògùn rẹ̀.

Mo lọ bá ọ̀gá, mo ní ẹyin ti tán. Ó ní, "Ẹyin wo? Èmi kì í jẹ ẹyin. Ajá mi ló ń jẹ ẹ́."

Ajá, ẹ̀yin ará!

Olúwa kò wo ìwà òmùgọ̀ mi. Délé ń jẹ ẹyin àti ẹ̀wà, wíwú náà lọ sílẹ̀, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Mo dúpẹ́, mo tún dúpẹ́.

Ìwọ tí ọmọ rẹ kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó sì dákẹ́, má tíì yọ̀. Tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò ná. Bí ojú ibẹ̀ kò bá dìde, gbé e lọ sí dìsípẹ́ńsárì, kí o sì yà nílé mi bí o bá ń bọ̀. Adìyẹ wa ṣì ń yé.