Èmi Ni Mo Ya Bébà Ara Díìsìkì Keje

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ sábẹ́ ahọ́n. Dókítà ti sọ fún mi pé ọkàn mi ò ní pẹ́ dáwọ́ iṣẹ́ dúró, n kò sì fẹ́ kí òótọ́ bá mi wọlẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Yàrá kọ̀m̀pútà ilé ìwòsàn kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Bàbá Pẹ̀lẹ́ là ń pe ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, torí wọn kì í fi ìkánjú ṣe ohunkóhun. Orí díìsìkì ńlá mẹ́wàá ni ètò tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn wà, kọ̀m̀pútà tuntun sì dé, díìsìkì kékeré nìkan ló ń gbà. Wọ́n ní ká lo kọ̀m̀pútà àtijọ́ tó ń gba méjèèjì láti da ti ńlá kọ sórí kékeré. Bàbá mú bébà alẹ̀mọ́, wọ́n fi dí ihò kékeré tó wà létí àwọn díìsìkì ńlá náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Bébà yìí ni ò ní jẹ́ kí ẹ̀rọ pa ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́,” ni wọ́n wí. “Má ṣí i o, ọmọ mi.”

Wọ́n lọ jẹun ọ̀sán. Mo fẹ́ parí kí wọ́n tó dé, kí wọ́n lè yìn mí. Nígbà tó kan ìkeje, mo fẹ́ nu díìsìkì kékeré mọ́ kí n tó kọ nǹkan sí i, àṣé lẹ́tà tí kọ̀m̀pútà fi ń mọ díìsìkì ńlá ni mo tẹ̀. Kọ̀m̀pútà kọ̀, ó ní nǹkan dí i. Dípò kí n tún ohun tí mo tẹ̀ wò, bébà ni mo ya. Kò pẹ́ tí díìsìkì keje fi di òfìfo.

Ká ní mo jẹ́wọ́ níbẹ̀, àṣìṣe lásán ni ì bá jẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn gbọ́ pé díìsìkì keje ti ṣófo, tó wá béèrè ẹni tó yẹ kó dí ihò náà, mo ní, “Bàbá ni, sà. Bóyá wọ́n gbàgbé èyí.” Bébà tí mo ya ṣì wà nínú àtẹ́lẹwọ́ mi.

Bàbá yíjú sí mi. “Ṣé mo gbàgbé ẹ̀ lóòótọ́?”

Mo wojú wọn kòrókòró. “Ẹ gbàgbé ẹ̀, sà.”

Wọn ò jiyàn. Àwọn tó ṣe ètò náà ti kógbá sílé, kò sí ibi tí a ti lè rí òmíràn. Ọ̀gá àgbà ní kí Bàbá máa lọ sílé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ránṣẹ́ pe ọmọ wọn obìnrin, mo sì tú gbogbo rẹ̀ fún un. Èébú ni mo múra sílẹ̀ fún. Ohun tó sọ ni pé, “Mà, títí Bàbá mi fi kú, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń dìde nídìí oúnjẹ lọ wò ó bóyá àwọn ti ti ilẹ̀kùn. Wọ́n ní orí àwọn ò ṣeé fọkàn tán mọ́.”

Mo ṣebí iṣẹ́ nìkan ni mo gbà lọ́wọ́ wọn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun tó bá bà jẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Ọmọ wọn ò tíì sọ pé òun dárí jì mí, àforíjìn kì í sì í ṣe ohun tí mo lè fi tipá gbà. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́.